Ẹ̀pà Tí Kò Ní Májèlé Mọ́

Mo sáré wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ màámi ní àdúgbò Zongo, mo gbé àwo ẹ̀pà kan lọ́wọ́.

“Màámi, ẹ wo ẹ̀pà yìí. Ó ti bu, àmọ́ kò ní májèlé.”

Mo ṣàlàyé fún wọn pé jíìnì kan ṣoṣo, ìyẹn àmì àbínibí tó ń darí ohun abẹ̀mí, ló ń pàṣẹ fún ohun tó ń mú ẹ̀pà bu pé kó so èso aláwọ̀ ewé, òun kan náà ló ń ní kó ṣe májèlé. A ti pa jíìnì náà lẹ́nu mọ́ ní yàrá ìwádìí wa, ohun tó bu lára ẹ̀pà náà wá funfun báláú. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n lè jókòó.

Ẹ̀pà kì í kọjá níwájú màámi kí wọ́n má tọ́ ọ wò. Wọ́n mú hóró kan, ó kù díẹ̀ kó dé ẹnu wọn, ni mo bá gbá ọwọ́ wọn mú.

Wọ́n dá hóró náà padà sínú àwo, wọ́n ní:

“Àbẹ̀ẹ́bí, ọwọ́ ẹ ò tíì gbọ́ ohun tí ẹnu ẹ sọ.”