Òṣùpá Inú Asẹ́

Bittu ni kò jẹ́ kí Urmila lè gba àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó tuntun náà wọlé, àbúrò ọkọ rẹ̀ yìí pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fajú ro, ó ní Bàbá àwọn kò gbọ́ràn dáadáa, kó máa pariwo bó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni Urmila fi ń lọgun mọ́ àgbàlagbà náà létí pé tíì ti dé, tí àgbàlagbà náà sì rò pé bí àwọn ará òkè ṣe ń kí èèyàn nìyẹn. Nígbà tí àṣírí tú, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Urmila náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn.

Kò pẹ́ tí òjò fi dé, ó sì padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Chamba, bí àwọn ìyàwó tuntun ti máa ń ṣe lásìkò òjò. Àárín òkè méjì ni ilé wọn wà. Oòrùn kì í tètè débẹ̀, òṣùpá sì ní láti kọ́kọ́ gun ẹ̀yìn òkè títí kí wọ́n tó rí i, nígbà yẹn yóò ti ga lójú ọ̀run. Ìgbà tí Urmila fi máa padà sílé ọkọ rẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Karnal, ààwẹ̀ àwọn ìyàwó ti kù fẹ́ẹ́fẹ́. Láti ìdájí ọjọ́ náà títí òṣùpá yóò fi yọ, oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu obìnrin tó bá ń gbà á, omi pàápàá kò gbọ́dọ̀. Ẹ̀mí ọkọ ni wọ́n ń gbà á fún.

Tọkàntọkàn ni Urmila fi gbà á. Ọkọ̀ akẹ́rù ni Harish ọkọ rẹ̀ ń wà, ó ń kó ápù sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ojú ọ̀nà náà sì há, ọ̀gbun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti kékeré ni Urmila ti ń rí àwókù ọkọ̀ nísàlẹ̀ ọ̀gbun náà. Ẹ̀rù ọ̀nà yẹn bà á ju ẹ̀rù òǹgbẹ lọ.

Lọ́sàn-án, àwọn obìnrin àdúgbò jókòó yí ká, làálì ti gbẹ lọ́wọ́ wọn, wọ́n pa ìtàn tí wọ́n máa ń pa lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan ló gbààwẹ̀ tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kú. Àánú rẹ̀ ṣe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, wọ́n bá lọ dáná sẹ́yìn igi, wọ́n ní òṣùpá ti yọ. Ó jẹun. Òkèlè kò tíì lọ tán lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ tí wọ́n fi wá sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti kú.

Bittu ló ń kọjá lọ. "Ìyàwó wa, bí òǹgbẹ bá gbẹ ọ́ jù, sọ fún mi o. Ìṣáná wà lápò mi."

"Kúrò níbẹ̀, aláìnítìjú!" Santosh, ìyá ọkọ, sọ bàtà lù ú.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n gun orí òrùlé lọ: Santosh, Urmila, Bàbá tó gbé ife omi dání de ìyàwó rẹ̀, àti Bittu. Ètè Urmila ti bó, òòyì sì ń kọ́ ọ. Àwọn àgbẹ̀ ń sun koríko ìrẹsì tí wọ́n ti kórè. Èéfín bo gbogbo oko, iná ń jó níhìn-ín, ó ń jó lọ́hùn-ún.

Bittu nawọ́. "Ó ti yọ! Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì!"

Urmila wò ó. Lẹ́yìn igi, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nǹkan pupa ràgàjì kan dúró nínú èéfín. Orí rẹ̀ ti gé díẹ̀. Ó tóbi ju igi lọ. Urmila kò rí òṣùpá tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé.

"Ìyẹn kọ́," ló wí. "Iná ni."

Ẹ̀rín pa Bittu. Kò yẹ kó rẹ́rìn-ín.

"Mo fi Màmá búra, ìyàwó wa, òṣùpá ni."

"Ẹ kúkú fi Bàbá tí kò gbọ́ràn búra."

Bàbá wúkọ́. "Ọmọ mi, òṣùpá ni," ó rọra wí.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àánú mi ló ń ṣe yín. Àánú ló ṣe àwọn ẹ̀gbọ́n yẹn náà." Ó kọ ẹ̀yìn sí oko, ó ní kò sẹ́ni tó máa fi nǹkan tan òun jẹ.

Ni Bittu bá pe Harish, tó wà lọ́nà òkè, lórí fóònù kó wá gbà wọ́n. Ariwo àwọn awakọ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ẹnì kan ń pè é pé kó wá mu tíì. Ohùn Harish gbẹ.

"Òṣùpá? Kò tíì yọ níbí o. Mo ti ń wo òkè yìí láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n máa wò ó lọ ná." Ó pa fóònù.

"Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín," Urmila wí, ó sì jókòó sílẹ̀.

"Òkè ló dí i lójú!" Bittu lọgun.

Ọmọ òkè tí Urmila jẹ́, ó yẹ kó mọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òǹgbẹ ti gba ibi tí ọgbọ́n ń gbé. Bàbá gbé omi sún mọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Harish, ìwọ ti rí òṣùpá. Mu tìẹ."

"Ẹ gbé e sílẹ̀," Santosh wí. "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ sọ̀kalẹ̀."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gbé asẹ́ ìyẹ̀fun, èyí tí àwọn ìyàwó fi ń wo òṣùpá kí wọ́n tó ṣínu, ó nà án sí Urmila.

"Mi ò ní kó o bọ ọ́. Mi ò ní kó o mu omi. Di ojú kan, fi èyí bo èkejì, kó o wo nǹkan yẹn."

Urmila kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde. Etí asẹ́ bo èéfín, ó bo igi, ó bo oko. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù, ó sì kéré. Bí èyí tó máa ń yọ lórí òkè lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó gbé asẹ́ kúrò, nǹkan náà tún tóbi ràgàjì. Ó gbé e padà, ó kéré.

"Yí i sí iná tó ń jó lọ́hùn-ún yẹn," Santosh wí.

Iná oko ń ta nínú asẹ́, ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó ń fò sókè, ó ń lọlẹ̀. Urmila tún padà sí ti àkọ́kọ́. Ìyẹn kò mira.

"Kí ló dé tó fi ń tóbi, Màmá?"

"Kí ni mo mọ̀? Bí ilẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á tóbi. Bí mo bá fi asẹ́ bo ilẹ̀, á kéré. Láti ìgbà tí mo ti wọlé yìí ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú wa ló ń ṣe é, òun fúnra rẹ̀ kò yí padà."

Urmila wo ife omi tí ìyá ọkọ rẹ̀ kò fọwọ́ kàn. "Ẹ̀yin mọ̀ pé òṣùpá ni. Kí ló dé tí ẹ ò mu omi?"

"Bí mo bá mu ún, ìwọ nìkan ni yóò ṣẹ́ kù nínú ààwẹ̀ lórí òrùlé yìí."

Ojú ti Urmila, inú rẹ̀ sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bu omi fún òṣùpá bó ṣe yẹ, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Santosh. Wọ́n pe Bàbá gòkè. Bàbá fún ìyàwó rẹ̀ lómi, Santosh sì gbé ife kejì sí Urmila lẹ́nu fúnra rẹ̀ nítorí ọkọ kò sí nílé.

Wọ́n ti ń jẹun nísàlẹ̀ nígbà tí fóònù dún.

"Ó ti yọ!" Harish ń pariwo. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí òkè ni. Bíńtín báyìí, ó funfun. Ṣé ẹ ti mu omi?"

"A ti mu," Urmila wí. "Tiwa tóbi o."

Harish rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Èmi náà lè mu tèmi báyìí."

"Ẹ mu kí ni?"

"Omi. Láti àárọ̀ ni mi ò ti fẹnu kan nǹkan. Má sọ fún Bittu o, kò ní jẹ́ kí n sinmi."

Urmila dìde kúrò nídìí oúnjẹ, ó gbé fóònù jáde sí àgbàlá. Omijé ti gbà á lójú.

"Ẹ mu ún," ó wí níkẹyìn. "Ẹ rọra mu ún."

Ó tẹ fóònù mọ́ etí, ó sì ń gbọ́ bí Harish ṣe ń gbé omi mì.