Ẹsẹ̀ Tí Bàbá Fi Pamọ́

"Bàbá, ẹ ò tíì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yín."

Bàbá Dísù kò gbójú sókè. Ó jókòó sí etí ọpọ́n ìwẹ̀. Ó ti fọ ojú, ó ti fọ apá. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi pa orí ìbọ̀sẹ̀ awọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ó sì dìde. Àlùwàlá rẹ̀ parí.

"Arìnrìn-àjò ni mí," ó ní.

Rafiat dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́. Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Òjò ń ta sára fèrèsé. Bàbá rẹ̀ ti lò ju oṣù kan lọ nínú ilé wọn ní Huntstown, ní Ireland. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni arìnrìn-àjò fi lè máa fọwọ́ pa ìbọ̀sẹ̀ kí ó tó bọ́ ọ. Ẹni tó wà nílé, ọjọ́ kan. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, ní ilé kéú tí ó ń ṣe nírọ̀lẹ́ ní Ìwó, bí ó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó bá ṣì í sọ, pàṣán ni.

"Bàbá, ṣebí ọjọ́ mẹ́ta ni—"

"Àsùbáà ń lọ. Yà fún mi."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀. Abdulqoyum, ọkọ Rafiat, ti tẹ́ ẹní sí pálọ̀. Bàbá ló ṣe ìmáámù fún wọn. Rafiat kírun, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Gìgísẹ̀ Bàbá ló ń wò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ikram, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́fà, ń jẹ kọnfíléèkì ní kíṣíìnì. Sátidé ni, kò sí ilé ìwé. Rafiat ní kí ó lọ pe Bàbá Àgbà wá mu tíì. Ọmọ náà sáré lọ, ó sáré padà.

"He's grand, Mam. He's not hungry." Ó tún mú ṣíbí rẹ̀. "Mam, Granda's hiding sweets in there. I can smell them."

Abdulqoyum bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá onítọ̀ ṣúgà! Ṣé súwíìtì ni wọ́n ń jẹ ní kọ̀rọ̀? Ẹ̀yin àgbà yìí náà!"

Rafiat náà rẹ́rìn-ín. "Irú súwíìtì wo, Ikram?"

"Grape."

Òórùn èso àjàrà. Ẹ̀rín kú mọ́ Rafiat lẹ́nu.

Ó mọ òórùn yẹn. Yunifásítì kan láàárín ìgboro ni ó ti ń ṣiṣẹ́, nínú láàbù tí wọ́n ti ń ṣèwádìí nípa bakitéríà, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Ọ̀kan ni wọ́n gbájú mọ́ nínú wọn. Inú omi ni ó ń gbé, inú ilẹ̀, inú páìpù. Kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ le ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí wọ́n ń bí mọ́ àwọn ọmọ kan ní Ireland, tí ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí kòkòrò yìí bá wọ ẹ̀dọ̀fóró irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó bọ́ sínú egbò ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé kánkán, kì í fẹ́ lọ mọ́. Oògùn tó ń pa àwọn yòókù kì í pa á. Iṣẹ́ Rafiat ni láti wá èyí tí yóò pa á. Bí ó bá hù nínú àwo, a máa ní àwọ̀ ewé. Òórùn rẹ̀ a sì máa dùn bí àjàrà.

Kò mu tíì rẹ̀ tán. Ó dìde.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fa tẹ̀súbáà. Òórùn náà wà nínú yàrá lóòótọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn kí n rí i."

"Kí lo fẹ́ rí?"

"Egbò."

Tẹ̀súbáà dúró. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Imú mi ni."

Bàbá wò ó. Rafiat kúnlẹ̀, ó fa ìbọ̀sẹ̀ awọ náà díẹ̀díẹ̀, Bàbá kò sì yí ẹsẹ̀ padà. Ìbọ̀sẹ̀ òwú wà nínú rẹ̀, ó tutù, ó ti ní àwọ̀ ewé lápá kan. Àkísà funfun ló tún wà lábẹ́ ìyẹn, ó wé e dáadáa bí iṣẹ́ télọ̀. Lábẹ́ àkísà, ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀lé e ti dúdú. Ìyẹ̀fun yẹ́lò ti dì mọ́ wọn lára.

"Kí lẹ dà sí i?"

"Tẹtirasáíkílìn. Kápúsù pupa-òun-yẹ́lò. Mo máa ń tú u sí i láràárọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó wá. Bàtà ló bó mi."

"Ha, Bàbá!"

"Má pariwo. Kò dùn mí."

"Pé kò dùn yín gan-an ló ń bà mí lẹ́rù." Ó rọra dá àkísà náà padà. "Ẹni tó ní egbò lè fọwọ́ pa báńdééjì, kò ní iye ọjọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò ṣe ìyẹn?"

"Bí mo bá fọwọ́ pa báńdééjì, ẹ ó bi mí pé báńdééjì kí ni." Bàbá kọjú sí ògiri. "Mo ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ó mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà mí."

Rafiat kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó fi ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù, Bàbá."

"Rárá o."

"Bàbá—"

"O mọ Ọlánípẹ̀kun, ọ̀rẹ́ mi. Ìtọ̀ ṣúgà kan náà, egbò kan náà. Wọ́n ní ìka ni àwọn fẹ́ gé. Nígbà tó jí, ẹsẹ̀ ti lọ dé orúnkún. Kò rí Ramadan tó tẹ̀lé e." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀súbáà. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mò ń lọ sílé. Tí mo bá máa kú, kí n fi ẹsẹ̀ méjì kú."

Rafiat kò bá a jiyàn. Kò sí ẹni tó bá Bàbá jiyàn rí tó jàre.

"Ẹ ti ń sọ ọ́ pé ẹ fẹ́ rí ibi iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ ká lọ lónìí."

"Lónìí Sátidé?"

"Bakitéríà ò mọ Sátidé."

"Ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ dọ́gbọ́n gbé mi lọ sọ́sibítù?"

"Ibi iṣẹ́ mi ni. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín rí. Bí ẹ bá ti rí i tán, ẹ̀yin lẹ máa sọ ibi tí a ó gbà."

Bàbá wò ó pẹ́. "Mú bàtà mi wá," ó ní.

Abdulqoyum dúró ti Ikram nílé. Rafiat ló wakọ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọ ìgboro, Bàbá ń ka kéréènì tó yọ sókè láàárín àwọn òrùlé.

"Ṣé àwọn èèyàn yìí kì í sinmi ni? Gbogbo ibi ni wọ́n ń kọ́ ilé sí."

"Owó ló wọlé sí wọn lọ́wọ́, Bàbá."

"Yóò jáde," ni Bàbá wí.

Michael, ọ̀gá láàbù, ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Rafiat ti pè é lórí fóònù. Ó bọ Bàbá lọ́wọ́, ó kí i káàbọ̀, ó bi í bóyá ó máa mu tíì.

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Gbogbo ilé tí mo bá wọ̀ nílùú yìí, tíì. Sọ fún un pé ohun tí mo wá wò ni kí ó kọ́kọ́ fi hàn mí."

"He says thank you," ni Rafiat wí.

Wọ́n fún Bàbá ní ẹ̀wù funfun kan kí ó wọ̀ ọ́. Ó yí etí ẹ̀wù náà síta, ó wo ojú ibi tí wọ́n ti rán an. "Ẹni tó rán èyí ń kánjú lọ ibì kan," ó ní. Ó wọ̀ ọ́.

Ìṣísẹ̀ méjì sínú láàbù, ó dúró. Ó fa imú. Ó wo Rafiat, ó wá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Òórùn ẹsẹ̀ mi nìyí," ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́.

"Òun ni, Bàbá."

Rafiat wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé àwo kékeré kan tó mọ́ gaara síwájú rẹ̀, ó ní kí ó má fọwọ́ kàn án. Kòkòrò náà ti hù bo ojú àwo náà, ó dà bí èéhù orí omi adágún. Wọ́n ti to bébà róbótó kéékèèké sórí rẹ̀, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní àyíká bébà kan, ojú àwo mọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ibi tó mọ́ yẹn, wọ́n ti kú níbẹ̀. Oògùn ara bébà yẹn ń pa wọ́n. Ọ́sibítù ni wọ́n ti ń fún èèyàn, inú iṣan ni wọ́n ń gbé e gbà."

Bàbá na ìka sí bébà mìíràn. Kòkòrò ti hù yí ìyẹn ká, kò fi àyè sílẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

"Tẹtirasáíkílìn."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ó pẹ́ kí ó tó nàró.

"Wọ́n dé etí rẹ̀ pinpin."

"Wọ́n dé ibẹ̀, Bàbá. Kò tilẹ̀ tu irun kan lára wọn."

"Láràárọ̀," ni Bàbá wí. "Láràárọ̀ ni mò ń dà á."

Michael wo bí baba arúgbó náà ṣe dúró tí kò fi ara lé ẹsẹ̀ òsì. Ó wo Rafiat. "Don't be waiting," ó sọ fún un jẹ́jẹ́.

Bàbá bọ́ ẹ̀wù funfun. Ó ṣẹ́ ẹ létí létí, ó gbé e sórí àga.

"Apá ibo ni ọ́sibítù wà?" ó ní.

Ní ọ́sibítù, wọ́n dá a dúró. Wọ́n fi òwú gba omi egbò náà lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì gbé omi oògùn kọ́ ọ lọ́wọ́. Oògùn tí Rafiat fi hàn án nínú àwo ni. Lọ́jọ́ Ajé, dókítà tó máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin ni, kò tó Rafiat lọ́jọ́ orí. Ó jókòó kí ó tó sọ̀rọ̀. Inú Rafiat dùn sí ìyẹn.

Ó ní oògùn náà ń ṣiṣẹ́, egbò kò ràn sí i mọ́. Ṣùgbọ́n ìka méjèèjì ti kú. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀, oògùn náà kò lè dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá gé wọn lónìí, ó ṣeé ṣe kí Bàbá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí ó bá fẹ́ kí àwọn dúró wò ó, àwọn máa dúró. Ṣùgbọ́n bí egbò náà bá gòkè, ọ̀rọ̀ kò ní jẹ́ ti ìka mọ́. Ọwọ́ Bàbá ni ó kù sí.

Rafiat bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Ó mú kí ọ̀rọ̀ náà rọ̀ díẹ̀.

"Má yọ nǹkan kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀," ni Bàbá wí.

Ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá ní, "Ìwọ lo mọ àwọn kòkòrò yìí. Kí ni kí n ṣe?"

Rafiat wo ẹsẹ̀ náà. Ní láàbù, ohun tí kò bá wúlò mọ́, inú korobá ni ó ń jù ú sí kí wọ́n lọ sè é kó kú pátápátá. Kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ òsì yìí ló tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ tó fi rán an lọ ilé ìwé. Ó fẹ́ kí wọ́n dúró. Gbogbo ara rẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n dúró, bó ṣe ọjọ́ kan sí i.

Ṣùgbọ́n ó mọ̀ wọ́n.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé wọn, Bàbá. Lónìí."

"Méjì péré?"

"Méjì ni wọ́n sọ."

"Bí wọ́n bá wọ ibẹ̀ tí wọ́n rí i pé ó ti kọjá méjì ńkọ́?"

Irọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì. "Wọ́n á gé ibi tó bá yẹ kí wọ́n gé."

Bàbá mi orí. Ó yíjú sí dókítà, ó sì fi òyìnbó tirẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. "My daughter say make you cut. Cut am."

Dókítà náà wo Rafiat. Rafiat mi orí.

"Grand so," ni dókítà náà wí, ó sì fọwọ́ kan èjìká Bàbá kí ó tó lọ.

Nígbà tí wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì náà dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì ní Rafiat kò lè kọjá ibẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dúró díẹ̀. Ó ṣí fìlà orí rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ etí fìlà náà kí ó gún, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Bá mi dì í mú," ó ní. "Má gbé e sílẹ̀."

Rafiat fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.