Ìjàpá Tí Kò Gba Gọ́ọ̀mù

Tolúlọpẹ́, tó ń kun ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Toheebat ní Ìlaró, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó ní bí òun ṣe gbọ́ "kẹ́ẹ́" láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, òun ti mọ̀ pé Ìjàpá ti tún là.

Lóòótọ́, ó ti là. Ọkọ̀ Ìjàpá yìí kì í ṣe ti irin. Gideon, ọmọ Ayétòrò, ló ní kí Toheebat fi fáíbà ṣe ara rẹ̀, kó jọ èyí tí bàbá òun tó jẹ́ tíṣà ń wà nígbà ayé rẹ̀. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni yóò fi gbé ìyá rẹ̀ arúgbó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni apá iwájú ti ṣí kúrò níbi tó ti lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Gideon sì ti sọ ọ́ láìfi bò: "Àǹtí, bó bá tún là, Kútọnu ni mò ń wọ́ ọ lọ, kí àwọn tibẹ̀ bá mi ṣe é."

Toheebat kúnlẹ̀ ti ọkọ̀. Ó ki èékánná bọ ibi tó là, gọ́ọ̀mù sì ṣí kúrò bí èèpo ẹ̀pà. Inú bí i débi pé ó ju sáńpépà mọ́ ògiri.

Bàbá Oyèkúnlé, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ìyá Fáíbà, ṣé ògiri ló là ni?"

"Bàbá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Àwọn tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì Ìbèsè yìí ló ń mi ilẹ̀. Fi gọ́ọ̀mù kún un."

"Agolo mẹ́ta ni mo ti fi kún un! Ẹ ní ayédèrú ni, mo lọ ra òmíràn l'Ówódé. Ẹ ní ọ̀rinrin ni, mo gbé e sóòrùn. Kí ló kù?"

"Sùúrù ló kù."

Toheebat bu omi láti fọ eruku kúrò létí ibi tó là. Omi kò tàn. Ó ṣù, ó ń yí gbiri bí omi orí ewé kókò. Ó tún bu òmíràn sí i, ìyẹn náà yí lọ. Ó fi ìka kàn án, ó gbé e sí imú. Òrí ni.

Òrí ni Bàbá kọ́ gbogbo ọmọṣẹ́ rẹ̀ láti máa fi pa inú móòdù, kí fáíbà má bàa há sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n táǹkì omi ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, odindi ló ń jáde. Ìjàpá yìí ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ní láti lẹ̀ pọ̀. Gbogbo sáńpépà tó sì ti fi ha á, ńṣe ló ń ti òrí náà wọlé sí i.

"Bàbá, òrí wa ni."

"Òrí wo?"

"Èyí tí ẹ ní ká máa fi pa móòdù. Ó kù lára rẹ̀. Tínà tó ń fọ ọ̀rá ló yẹ kí n kọ́kọ́ fi nù ún, kí n tó ha á."

"Ogójì ọdún ni mo ti ń lo òrí."

"Fún táǹkì ni, Bàbá."

"O fẹ́ sọ pé mi ò kọ́ ọ dáadáa?"

Ó rọrùn láti ní rárá, kó fi gọ́ọ̀mù kún un, kó tún là lójú Gideon. Orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà. "Ní ti òrí yìí, bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú."

Ó da tínà sí àkísà, ó nù ún, ó ha á, ó tún nù ún. Nígbà tó bu omi sí i, omi tàn pẹrẹsẹ.

"Bàbá, ẹ wá wò ó!"

Ó tún pè é. Bàbá Oyèkúnlé ti dé fìlà, ó ti ń kọjá sódìkejì títì láàárín àwọn ọ̀kadà. Kò bojú wẹ̀yìn.