Ẹrù Wo Ló Fẹ́ Gbé?

Láti ìgbà tí àìsàn ìgbàgbé ti dé bá bàbá obìnrin kan, "Màdáámù" ni bàbá yìí ń pè é. "Màdáámù, ẹ ṣeun." "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, lọ́rì mi dà?" Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni o! Ọmọ tó ń jókòó tì í nínú lọ́rì yẹn láti kékeré, tí bàbá sọ ní Kọ̀ńdọ́ nítorí pé òun ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ rẹ̀, tí bàbá máa ń na apá dí láyà bí kòtò bá ti yọjú lọ́nà kó má baà fi orí sọ gíláàsì. Kọ̀ńdọ́ ti dàgbà, ó ti di mẹ́káníìkì, bàbá ò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Lọ́rì nìkan ló kù tó ń béèrè. Ni obìnrin náà bá pinnu pé òun á jí lọ́rì yẹn dìde nínú koríko tó ti hù bò ó, òun á gbé bàbá òun sí i. Ibi tí lọ́rì bá gbé ọkàn rẹ̀ lọ, bóyá yóò bá òun níbẹ̀.

Ó tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ó kun ara ọkọ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kan sípíríǹgì, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń tò léra lábẹ́ ọkọ̀, ó rí i pé ti àtijọ́ ti dógùn-ún, ló bá ra èyí tó nípọn jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ta ni kò fẹ́ràn ohun tó lágbára?

Yéè! Bí wọ́n ṣe wà á jáde, ńṣe ni lọ́rì ń fò bí ewúrẹ́ tó já okùn. Bàbá di ilẹ̀kùn mú. "Màdáámù, ọkọ̀ ta nìyí? Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀." Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó sunkún níbẹ̀, kò tiẹ̀ díbọ́n pé ọ́ìlì ló ta sí òun lójú.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú bàbá rẹ̀ dání lọ sí ilé alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe sípíríǹgì. Oòrùn ń gba ihò páànù wọlé, eruku ń léfòó nínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹwìrì ń mí lọ́ọ̀ọ́kán. Ilé náà ń mú ènìyàn tòògbé. Bàbá jókòó sórí àga, ó dijú.

"Bàbá alágbẹ̀dẹ, mo ra sípíríǹgì tó lágbára jù, lọ́rì sì ń fò," obìnrin náà ṣàlàyé.

"Ẹrù wo ló fẹ́ gbé?" alágbẹ̀dẹ bi í.

"Kò gbẹ́rù kankan."

"Hẹ̀n-ẹ́n! O ra irin tó lè gbé òkúta fún ọkọ̀ tó ṣófo. Kí ni kó dì í mọ́lẹ̀, àdúrà? Ọmọ mi, ẹrù là á fi í yan sípíríǹgì. Mo tún bi ọ́, ẹrù wo?"

Ó wo ibi tí àga wà. "Bàbá mi ni."

Alágbẹ̀dẹ gbé ẹ̀rín mì. "Lọ gbé ti àtijọ́ wá."

Wọ́n tú u, wọ́n ha á. Wọ́n fi kẹrosíìnì pa irin kọ̀ọ̀kan, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n wá fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún. Irin tó bá ti là nínú, kẹrosíìnì á yọ lára ṣọ́ọ̀kì. Gbogbo wọn funfun báláú, àfi ẹyọ kan tí ilà dúdú yọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Èyí ti kú," ni alágbẹ̀dẹ wí.

"Ṣé jórinjórin ò lè bá wa lẹ̀ ẹ́?"

"Kó já lójú ọ̀nà? Bàbá ẹ lo fẹ́ gbé, àbí òkú ẹ̀?" Ó nawọ́ sí òkìtì irin lẹ́yìn ilé. "Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wá a níbẹ̀."

Obìnrin náà ṣa àwọn tó bá èyí tó ti kú dọ́gba. Alágbẹ̀dẹ ń gbé wọn kọ́ okùn, ó ń fi òòlù kékeré lù wọ́n kó lè gbọ́ ohùn wọn. Àkọ́kọ́ dún kó.

"Rárá," bàbá wí lórí àga, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Alágbẹ̀dẹ lu òmíràn. "Rárá." Ó lu ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ jáde gbiiiin, ó ń lọ, ó ń lọ, kò fẹ́ tán. Bàbá mí kanlẹ̀. "Ìyẹn."

Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún, kò sí ilà kankan. Wọ́n fi okùn wọn bó ṣe tẹ̀, ó bá àwọn yòókù mu.

Nígbà tí wọ́n dè é mọ́ abẹ́ ọkọ̀ tán, tí obìnrin náà sì gbé bàbá rẹ̀ jáde, lọ́rì ò fò mọ́. Ńṣe ló ń fì, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń fì nígbà tí obìnrin náà ṣì ń sùn lórí àga yẹn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kan ilẹ̀. Oorun fẹ́ẹ́ gbé òun tó ń wakọ̀. Ó bojú wo bàbá rẹ̀. Ọ̀nà ni bàbá ń wò. Ọkàn obìnrin náà rẹ̀wẹ̀sì. Ó ti gbà pé bàbá ò ní dá òun mọ̀ mọ́.

Kòtò kan yọ níwájú. Kó tó tẹ bíréèkì, apá gbígbẹ kan ti nà kọjá sí i, ó dí i láyà gbọn-in.

"Di nǹkan mú, Kọ̀ńdọ́."

Wọ́n wọ kòtò náà, wọ́n jáde. Kọ̀ńdọ́ wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀, omijé ò jẹ́ kó ríran dáadáa, ló bá yí lọ́rì padà, ó tún gba ibi kòtò náà lọ.