Báàjì Tí Mo Yí fún Vagn

Èmi ni mo máa ń kọ òkú ẹgbẹ́ wa. Bí o bá ti ṣiṣẹ́ ológun nínú ọkọ̀ abẹ́ omi rí, tí o fẹ̀yìntì sí ìlú èbúté Frederikshavn níbí, tí o wá kú, èmi Ejgil ni n ó kọ orúkọ rẹ sínú ìwé ìròyìn, ọdún tí o fi sìn, àti iṣẹ́ tí o ṣe. A ò ju mẹ́tàdínlógójì lọ mọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ìjọba ti kó àwọn ọkọ̀ náà nílẹ̀, wọn ò sì rà mìíràn, nítorí náà kò sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ojú ewé mẹ́rin ni ìwé ìròyìn náà: ta ló pé ọgọ́rin ọdún, ta ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí fún, ìgbà wo la fẹ́ jẹ ẹja. Àwọn òkú ti gba méjì nínú rẹ̀.

Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní tó bá yá, èmi ni n ó máa kọ ọ́, èmi náà ni n ó máa kà á. Àmọ́ lóṣù kẹwàá tó kọjá, lẹ́tà kan dé tó pa ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu. Sidsel ló kọ ọ́, ọmọbìnrin Thorkild tá a jọ sìn nínú ọkọ̀.

"Bàbá Ejgil," ó ní, "bàbá mi ti kú. Ohun kan péré ló ní ká bá òun bẹ̀ yín fún. Ó ní kí ẹ gbé báàjì òun kọ́ sórí pátákó, kí ẹ sì lu agogo fún òun. Ẹ jọ̀ọ́ sà."

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kọfí mi tutù níwájú mi.

Pátákó tó ń wí, inú ọkọ̀ wa àtijọ́ la ti yọ ọ́. Báàjì idẹ kéékèèké ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ onítọ̀hún, ẹ̀gbẹ́ kan funfun, ẹ̀gbẹ́ kejì pupa. Nínú ọkọ̀, bí o bá fẹ́ gun àkàsọ̀ lọ sókè ìta, wàá yí tìrẹ sí pupa. Bí o bá wọlé, wàá yí i sí funfun. Kí ọkọ̀ tó rì sábẹ́ omi, ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn òkè yóò wo pátákó. Bí pupa kan bá ṣì wà níbẹ̀, kò gbọdọ̀ tì í. Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀: tìrẹ nìkan ni kí o yí.

Nínú ẹgbẹ́ wa, a yí àṣà náà padà díẹ̀. Funfun ni gbogbo alààyè. Bí ẹnì kan bá kú, ọ̀rẹ́ tó ti yàn sílẹ̀ ni yóò bá a yí i sí pupa. A ó lu agogo lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wa á sì wí pé, "Ó ti gòkè." Palle, alága wa, ni mo yàn kó yí tèmi, èmi ló sì yàn. A ti kọ ọ́ sínú ìwé ńlá láti ọdún pípẹ́.

Báàjì Thorkild kò sí lórí pátákó nínú ẹgbẹ́ wa rí. Thorkild ló ti ilẹ̀kùn mọ́ Vagn síta ní oṣù kẹta ọdún 1974, Vagn sì ni ẹ̀gbọ́n Palle.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láàádọ́ta ọdún. Èmi àti Vagn ni wọ́n rán lọ di okùn kan tó tú lórí ọkọ̀. Òtútù ọjọ́ yẹn, háà! Ọwọ́ wa ò mọ nǹkan kan mú mọ́. Nígbà tá a parí, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Vagn wà lẹ́yìn mi gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lórí àkàsọ̀. Ó ní, "Ejgil, bá mi yí tèmi, ìka mi ti kú." Mo yí tèmi, mo yí tirẹ̀. Mo lọ sídìí ẹ̀rọ níbi tó móoru. Mi ò mọ̀ pé ó padà lọ mú ọ̀bẹ tó gbàgbé sẹ́yìn.

Thorkild gbé orí síta, kò rí ẹnì kankan. Ó wo pátákó, funfun ni gbogbo rẹ̀. Ó tilẹ̀kùn. Ọkọ̀ sì rì sábẹ́ omi, ó fi Vagn sílẹ̀ sínú òkun.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá ń wádìí, wọ́n bi gbogbo wa pé ta ló yí báàjì Vagn. Mo sọ nínú ara mi pé n ó sọ ọ́ lọ́la. Lọ́la di ọ̀túnla. Wọ́n wá parí rẹ̀ sí pé pupa ni báàjì Vagn, pé Thorkild ni kò wò ó dáadáa, pé òun fúnra rẹ̀ ló wá yí i sí funfun lẹ́yìn náà láti fi bo àṣìṣe rẹ̀. Wọ́n lé e kúrò nínú ọkọ̀, ó sì mú báàjì rẹ̀ lọ. Ó lọ ń bá wọn tún ọkọ̀ apẹja ṣe ní ìlú Skagen, kò sì bá ẹnì kankan nínú wa ṣe pọ̀ mọ́.

Mo mú lẹ́tà náà tọ Palle lọ. Ó ń ha ìpẹ́ ẹja nínú ilé ìdáná rẹ̀.

"Thorkild wo?" ó ní.

"Palle, o mọ Thorkild tí mò ń wí."

"Ẹni tó ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́ta bí ìgbà tí wọ́n lé ológbò síta? Òun ló ń wá agogo?" Ó ju ọ̀bẹ sínú àwo. "Ejgil, ṣé orí rẹ pé ṣá? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé báàjì ọkùnrin yẹn kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Vagn, kí ẹ ti yọ tèmi kúrò."

"Ó ti darúgbó kú, Palle. Ọmọ rẹ̀ ló ń bẹ̀."

"Vagn ò darúgbó."

Àyè wà fún mi láti jẹ́wọ́ níbẹ̀, èmi àti òun nìkan. Mo la ẹnu, mo ní ẹja yẹn mà tóbi o. Ó ní kí n mú méjì lọ sílé. Mo sì mú un, èmi aláìnítìjú, mo dín in jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni ọjọ́ ìrántí wa. Agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, nínú ilé ẹgbẹ́ wa létí èbúté. Mo ti kọ̀wé sí Sidsel pé ìgbìmọ̀ kò gbà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bí mo ṣe ń to ìwé sórí tábìlì ni mo rí obìnrin kan tó wọlé, irun rẹ̀ ti ń funfun, iwájú orí rẹ̀ sì jọ ti Thorkild.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá," ó ní. "Mi ò wá jà. Mo kàn fẹ́ fi èyí sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín." Ó tú áńkáṣíìfù kan. Báàjì Thorkild ni, èyí tó lò nínú ọkọ̀, ó ń dán yinrinyinrin.

Palle ti dìde. "Ìyáàfin, a ti dá yín lóhùn."

"Mo gbọ́ sà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan, kí n tó lọ. Bàbá mi kì í jáde nílé láìyẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀marùn-ún. Á dé ọ̀nà, á padà. Àwa ọmọ máa ń fi í ṣẹlẹ́yà. Títí tó fi kú ló ń bi màmá wa pé, 'Ṣé lóòótọ́ ni mi ò rí i ni? Funfun ni mo rí o. Àbí ojú mi ló ń tàn mí?'"

Ibẹ̀ ló ti bà mí. Mo ti máa ń rò ó pé Thorkild mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ò jẹ̀bi, pé ó kàn ń bínú sí wa. Mi ò mọ̀ pé ojú ara rẹ̀ ló ń bá ṣẹjọ́ láàádọ́ta ọdún. Ọlọ́run mi.

"Funfun ni," mo wí.

Palle ní, "Kí lo sọ?"

"Báàjì Vagn. Funfun ni. Thorkild wò ó dáadáa, irọ́ kọ́ ló pa. Èmi ni mo yí i. Vagn ní ọwọ́ òun tutù, kí n bá òun yí i, mo sì bá a yí i. Wọ́n bi mí, mi ò sọ. Palle, èmi ni."

Àwọn tó ń mu kọfí gbé ife wọn sílẹ̀. Àgbàlagbà ni gbogbo wa, kò sí ẹni tí kò mọ òfin yẹn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí kò tíì bá ọ̀rẹ́ yí báàjì rí. Mo rí i lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n tiwọn kò pa ẹnikẹ́ni, wọn ò sì gbé e sí ẹlòmíràn lọ́rùn.

Sidsel jókòó. "Ojú bàbá mi ríran," ó ń wí, "ojú rẹ̀ ríran dáadáa." Ó ń sunkún, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

Palle sún mọ́ mi. Mo rò pé á gbá mi létí, mo tilẹ̀ ń fẹ́ kó gbá mi. Dípò bẹ́ẹ̀ ó gba báàjì náà lọ́wọ́ Sidsel, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó yí i sí pupa, ó sì lu agogo fúnra rẹ̀.

"Ó ti gòkè," la wí.

Lẹ́yìn náà ló wá síbi tábìlì mi, ó ṣí ìwé ńlá sí ojú ewé tèmi, ó fi ìka tẹ orúkọ ara rẹ̀.

"Ìwọ ni akọ̀wé," ó ní. "Pa á rẹ́, kí o kọ ẹlòmíràn síbẹ̀."

Mo mú kálàmù, mo fa ìlà gba orí orúkọ Palle kọjá. Mo wá gbójú sókè láti wá ẹni tí n ó kọ. Gbogbo wọn ń wo pátákó.