Ẹkún Kọmíṣọ́nnà

"Mo ka ìwé yìí, mo sunkún. Kí ọdún yìí tó parí, òfin yóò wà tí kò ní í jẹ́ kí wọ́n lé opó kankan jáde nílé ọkọ rẹ̀ mọ́." Ohun tí Kọmíṣọ́nnà sọ nìyẹn níbi ìkójáde ìwé ìtàn-àròsọ kan, gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́.

Inú gbọ̀ngàn yẹn gan-an ni Fadérera bá ara rẹ̀ lójú àlá. Àga tò lọ rẹrẹẹrẹ láìsí ẹnì kankan lórí wọn. Koríko ti hù láàárín wọn, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò sì ti ibì kankan wá. Lórí pèpéle, màmá rẹ̀ tó ti dolóògbé jókòó sórí àpótí tó fi máa ń dirun, òòyà lọ́wọ́.

"Fadé, wá jókòó. Irun rẹ rí bíi ti ẹni tó bá ewúrẹ́ jà."

Ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Nílé wọn, ẹni tí wọ́n bá ń dirun fún ni yóò máa kàwé sókè, kí àwọn obìnrin tó ń retí kó kàn wọ́n lè máa gbọ́.

"Ka ibi tí wọ́n ti lé opó inú ìwé yẹn jáde."

"N kò kà á, Màámi. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ níwájú Kọmíṣọ́nnà yẹn lọ́la, lórí bí ìwé kíkà ṣe ń tún ìlú ṣe. Opó inú ìwé ló sunkún fún. Nígbà tí ẹbí Bàámi ju ẹrù yín síta, mo lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n ní ó ti lọ síbi ìkójáde ìwé mìíràn. Kí wá ni ìwé ṣe?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tẹ orí síwájú. Ta ló gbà mí sílé?"

"Ìyá Ṣẹ̀gilọlá."

"Ẹni tó máa ń yọ ṣùtì sí àwọn opó! Ọjọ́ tí o ka ibẹ̀ fún wa, irun kàn án, kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n lé mi, òun ló wá ru ẹrù mi. Ó ní, 'Ṣé kí n tún jókòó kí n máa gbọ́ ni?'"

Fadérera fẹ́ wẹ̀yìn wò. Ọwọ́ tútù rọra dá orí rẹ̀ dúró.

"Má mira. Ó ku ẹyọ kan."

Ó jí. Yàrá pa rọ́rọ́. Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, kò sẹ́ni tó di í.

Ìwé ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lára obìnrin tí kò ní ju yàrá méjì lọ, tó sì yọ̀ǹda ọ̀kan. Ọwọ́ Kọmíṣọ́nnà ni òfin wà. Ọ̀rọ̀ tí Fadérera yóò sọ lọ́la kò ní í gùn mọ́. Yóò ka ìlérí Kọmíṣọ́nnà fún un, yóò sì fi gbólóhùn mẹ́ta kún un:

"Ọdún náà parí. Òfin kò sí. Wọ́n lé màmá mi jáde."