Ọ̀gá Ẹ̀ka Méjì ní Ìkàrẹ́

Ènìyàn mẹ́ta péré ló ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì inṣọ́ránsì kan ní Ìkàrẹ́, inú yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá Èkó, tí ọgbọ́n ti pọ̀ lágbárí wọn jù, kọ̀wé pé iléeṣẹ́ ńlá kì í ṣe jákujàku, ẹ̀ka-ẹ̀ka ni wọ́n ń pín sí, kí onímọ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbájú mọ́ tirẹ̀. Bí Bísọ́lá ṣe di ọ̀gá Ẹ̀ka Ọkọ̀ Ojú Omi nìyẹn, ní ìlú tí omi tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò ju ti inú gọ́tà lásìkò òjò lọ. Wọ́n tún gbé Ẹ̀ka Ẹ̀rọ lé e lórí. Godwin tó jókòó lọ́wọ́ òsì rẹ̀ di ọ̀gá Ẹ̀ka Bàálù. Ó kú oríire. Odindi ọdún kan, bàálù kankan ò yà kí i, ó kàn ń nu tábìlì. Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣafẹ́, ọ̀gá àgbà wọn, kò ní ẹ̀ka kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fọwọ́ sí i pé àwọn méjì yòókù wá síbi iṣẹ́.

Òfin tó le níbẹ̀ ni pé ẹ̀ka kan ò gbọdọ̀ gbé fáìlì fún èkejì. Fáìlì gbọ́dọ̀ dé Èkó ná kó tó padà wá sórí tábìlì kejì.

Màmá Eunice ará Ọ̀kà ò mọ gbogbo ìyẹn. Opó ni. Ó ta ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ láti fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Bísọ́lá fúnra rẹ̀ ló lọ ta inṣọ́ránsì fún un, ó jẹ iyán, ó bu ọbẹ̀ kún un, ó nu ẹnu, ó ní, “Màmá, bí nǹkan bá ṣe ẹ̀rọ yín kí ẹ tó lò ó, àwa la máa ra òmíràn.”

Ẹ̀rọ dé láti Àkúrẹ́. Lọ́rì dúró lẹ́nu ọ̀nà Màmá, wọ́n ń fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ni okùn bá já. Ẹ̀rọ balẹ̀ lórí àpáta, ó là sí méjì. Ẹ̀gẹ́ tí obìnrin mẹ́fà ti bó sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Màmá gbé ìwé rẹ̀ wá sí Ìkàrẹ́. Bísọ́lá ṣí ìwé òfin. Ẹrù tó bá wà nínú ọkọ̀, ìbáà jẹ́ lọ́rì, ti Ẹ̀ka Ọkọ̀ Ojú Omi ni. Ẹ má bi mí ní ìdí. Ṣùgbọ́n lọ́rì ti dúró, ìrìn àjò ti parí. Bísọ́lá kọ lẹ́tà sí Màmá pé àwọn ò san, ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, fáìlì ti Èkó dé, wọ́n kọ ọ́ sí ọ̀gá Ẹ̀ka Ẹ̀rọ. Ta ni? Bísọ́lá kan náà. Òfin ní ẹ̀rọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Ó tún kọ̀, ó tún fọwọ́ sí i. Ojú ń tì í gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rú òfin níbẹ̀, ilé ló ń lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó tún fáìlì náà kà. Nígbà tí okùn já, ẹ̀rọ kò sí nínú ọkọ̀, kò sí nílẹ̀. Níbo ló wá wà? Ó wo tábìlì Godwin. Nígbà tí ìyẹn jáde lọ jẹun, ó gbé fáìlì síbẹ̀, láìsí lẹ́tà, láìfi orúkọ sí i.

Nígbà tí Godwin dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Èkó ti ń halẹ̀ pé àwọn máa ti ẹ̀ka rẹ̀ pa. Ó kọ̀wé kíá: “Ẹrù já bọ́ láti òfuurufú ní Ọ̀kà. Ẹnikẹ́ni kò kú.” Inú àwọn ọ̀gá dùn pé Ẹ̀ka Bàálù ti rí iṣẹ́ ṣe ní Àkókó. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi sanwó, Màmá sì ra ẹ̀rọ mìíràn.

Lẹ́yìn oṣù kan, Màmá Eunice wọlé pẹ̀lú odindi àpò gààrí. Iwájú Godwin, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé owó, ló gbé e kalẹ̀, ó sì wúre fún un títí àmín fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló mú lẹ́tà méjì jáde nínú báàgì.

“Ọmọ ọmọ mi ló kà wọ́n fún mi,” ó sọ fún Bísọ́lá. “Ó ní ẹnì kan náà ló fọwọ́ sí méjèèjì.”

Bísọ́lá la ẹnu. Bó bá sọ bí fáìlì ṣe dé tábìlì Godwin, iṣẹ́ Godwin lọ, tirẹ̀ lọ, wọ́n á sì wá gbé ẹ̀rọ Màmá lọ.

“Ẹ má bínú, Màmá,” ló rí sọ.

“Inú ò bí mi,” Màmá dáhùn, ó ń so báàgì rẹ̀. “Mo kàn rò pé mo ní ọmọ kan ní ọ́fíìsì yìí ni. Mo ní ọmọ lóòótọ́, èmi ni mi ò tètè mọ èyí tó jẹ́.”